Bí Omi Bọ́ílà Bá Ń Lọ Sílẹ̀ Lójoojúmọ́, Ẹ Wá Ibi Tó Ń Gbà Lọ

 

Ní oṣù kìíní ọdún, ilé oògùn tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa ń kún ju bó ṣe ń kún ní oṣù yòókù lọ. Bí ẹnìkan ṣe ń ra oògùn ikọ́ ni ẹlòmíràn ń béèrè ìpara àyà fún ọmọ, àwọn àgbà náà yóò sì kó ìwé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dé. Láàárín wọn ni ìyá kan wà tó wá bá wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Oògùn ìrora ló ń rà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí ilé ìwòsàn ń pè ní sickle cell. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, a kò tètè nawọ́ sí oògùn. A bi í pé, "Alhaja, báwo ni inú ilé yín ṣe ń rí lóru?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dókítà, hítìn wa ló máa ń kú lóru." (Gbogbo àwọn ènìyàn wa ló ń pe apoògùn ní dókítà. A ti ṣàlàyé títí, ó ti sú wa.) "Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. Bàbá wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi sí i. Àràárọ̀ ló ń fi omi sí i kí a tó kírun Àsùbáà."

Àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fa àpilẹ̀kọ ti oṣù yìí.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ọjọ́ náà, àwa méjì láti inú ìgbìmọ̀ ìlera mọ́sálásí yà sí ilé wọn, àwa àti arákùnrin wa kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ gáàsì ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Oògùn ni àwa mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ óò kà nípa bọ́ílà níhìn-ín, ọ̀dọ̀ arákùnrin yẹn ni a ti kọ́ ọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ojú tiwa rí nílé ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí wọ́n máa ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀, láti abẹ́ títì ló ti ń wọlé. Bí gbogbo ẹ̀rọ ilé bá ń ṣe tín-ín-rín, ilé iṣẹ́ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Omi inú hítìn yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ti sé e mọ́ inú páìpù àti radiétọ̀, yíyípo ni iṣẹ́ rẹ̀. Á gbóná nínú bọ́ílà, á lọ káàkiri yàrá, á sì padà wá gbóná. Omi kan náà ni láti ọdún dé ọdún. Òun kọ́ ni ẹ fi ń wẹ̀, òun kọ́ ni ẹ fi ń ṣe àlùwàlá, nítorí náà kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa dín lójoojúmọ́.

Ẹni tí wọ́n bá ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí yóò tètè lóye ohun tó kù. Bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ yí ara ká, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan nínú bọ́ílà ń ti omi yìí yí ilé ká. Géèjì kan wà níwájú bọ́ílà tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ó lè rí roboto bí ojú aago, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà tó ń tàn. Òun ló ń sọ bí omi inú páìpù ṣe le tó, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á ni bar. Nígbà tí hítìn bá tutù, ó yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5 bar. Bí ó bá gbóná, ó lè gòkè díẹ̀, kó sún mọ́ 2, kó sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ bí ó bá ti tutù. Bí ó bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi 0.5 lọ, púpọ̀ nínú àwọn bọ́ílà ni yóò pa ara wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́. Nínú ilé tó jẹ́ pé bọ́ílà kan náà ló ń mú yàrá móoru tó sì ń fún yín ní omi gbígbóná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní combi, omi gbígbóná náà yóò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí wọ́n bá na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ láti ṣe àlùwàlá tí omi dídì kí wọn káàárọ̀.

Bí aláìsàn bá wá bá wa tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, a kì í sọ fún un pé kó máa lá iyọ̀ láràárọ̀ kó sì máa lọ. A óò bi í bóyá inú rẹ̀ ń ṣu, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, a óò bi í nípa oògùn tó ń lò. Géèjì tó lọ sílẹ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì ni. Bí ẹ bá fi omi sí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ atẹ́gùn kúrò nínú radiétọ̀ lánàá tí géèjì sì wálẹ̀ lónìí, ó bójú mu, nítorí atẹ́gùn tó jáde ti fi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi omi sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ká má tíì sọ àràárọ̀, omi ló ń dà sínú agbọ̀n.

Ẹ má ṣe bẹ̀rù fífi omi sí i fúnra yín o. Iṣẹ́ onílé ni, kò nílò oníṣẹ́ gáàsì. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí rọ́bà kan tí wọ́n fi wáyà fàdákà hun lára, tó so páìpù méjì pọ̀, fáàfù kékeré sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn bọ́ílà kan kò ní rọ́bà yìí, kọ́kọ́rọ́ tàbí bọ́tìnnì inú ara wọn ni wọ́n ń lò, ìwé tó bá bọ́ílà wá yóò sì fi hàn yín. Ẹ ṣí fáàfù kan tán. Ẹ wá ṣí èkejì díẹ̀díẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí omi ń wọlé. Ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára géèjì. Tó bá ti dé nǹkan bíi 1.3, ẹ ti fáàfù méjèèjì pa dáadáa. Tí rọ́bà náà bá jẹ́ irú tí wọ́n ń tú, ẹ tú u kúrò lẹ́yìn náà, nítorí omi inú hítìn kò gbọ́dọ̀ ráyè padà sínú omi tí ẹ ń mu.

A sọ pé kí ẹ má ṣe gbé ojú kúrò. Ẹ fetí sí ìdí rẹ̀. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ kó dé ilé tí a wà báyìí, a ṣí fáàfù náà, fóònù sì dún láti Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ènìyàn kì í sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó dúró. Nígbà tí a fi máa parí kíkí ara wa, géèjì ti kọjá 3, omi sì ti ń tú yàà lẹ́yìn ilé, tí aládùúgbò wa ń kan ilẹ̀kùn. Fáàfù ààbò ló ṣí, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fi síbẹ̀ náà ló ṣe. Ṣùgbọ́n fáàfù yẹn kò tì dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdọ̀tí ti há sí i lẹ́nu, ó wá ń kán tó, tó, tó. A pààrọ̀ rẹ̀ kí hítìn wa tó gbádùn. Bí tiyín bá kọjá 2 nígbà tí ó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ radiétọ̀ tú omi díẹ̀ jáde sínú kọ́ọ̀pù títí tí yóò fi wálẹ̀.

Ó tó báyìí lórí fífi omi sí i. Ibi tí omi ń gbà lọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí arákùnrin wa kọ́kọ́ béèrè ní ilé Alhaja ni ìwé àti bírò. Ó ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà géèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: ní àárọ̀ kí wọ́n tó tan hítìn, nígbà tí ó bá gbóná dé góńgó, àti ní alẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti tutù. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Inú wa dùn, nítorí ohun tí àwa náà ń sọ fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru nìyẹn tí wọn kì í ṣe. Nọ́ńbà ẹyọ kan kò sọ nǹkan púpọ̀. Bí ó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá pa hítìn fún odindi ọjọ́ kan, tí ẹ kò tàn án rárá, tí géèjì sì ń wálẹ̀ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ń jò níbì kan lára páìpù tàbí radiétọ̀. Ẹ mú tíṣù funfun, ẹ fi nu ìsàlẹ̀ radiétọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ibi tí fáàfù ti so mọ́ ọn ní apá méjèèjì. Omi tó kéré débi pé ojú kò rí i, tíṣù yóò rí i. Ẹ wá ibi tí ẹ̀gbin funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti gbẹ mọ́ oríkèé páìpù kọ́pà, nítorí omi ló kọjá níbẹ̀. Ẹ gbé ojú sókè wo àjà yàrá tó wà lábẹ́ balùwẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì rántí iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú ilé láìpẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wa tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí yàrá ìkírun ilé rẹ̀ ti kan ìṣó mọ́ páìpù láìmọ̀. Oṣù mẹ́rin ni omi fi ń rin abẹ́ pákó, tí a rò pé òórùn tó wà nínú yàrá náà, òórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni.

Èkejì ni èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Géèjì á wà ní 1.2 nígbà tí ó tutù. Ẹ óò tan hítìn, yóò sì sáré gòkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 3. Tó bá tutù, yóò já wálẹ̀ sí òdo. Ìdí rẹ̀ ni pé omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Agolo kan wà nínú bọ́ílà tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́ pín inú rẹ̀ sí méjì, afẹ́fẹ́ wà ní apá kan, omi ń wọ apá kejì. Bí omi bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò sún fún un. Bí afẹ́fẹ́ náà bá tán bíi ti táyà kẹ̀kẹ́, tàbí tí rọ́bà náà bá ya, omi kò ní ibi tí yóò sún sí mọ́. Fáàfù ààbò yóò ṣí, omi yóò dà síta. Tó bá di pé ó tutù, èyí tó dà síta ni ẹ óò rí pé ó dín. Àwọn oníṣẹ́ gáàsì ń pe agolo yìí ní expansion vessel. Ẹ lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni omi ń gbà lọ. Ẹ jáde síta, ẹ wo ẹ̀yìn ògiri níbi tí bọ́ílà wà. Páìpù kọ́pà kékeré kan yọ síbẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ ẹnu rẹ̀ padà sí ògiri kí omi gbígbóná má baà jó ẹni tó ń kọjá. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù, tí ògiri abẹ́ rẹ̀ sì ti hu ewé tàbí tó ti yí àwọ̀ padà, ẹ ti rí i.

Ẹ̀kẹta wà nínú bọ́ílà fúnra rẹ̀, níbi tí iná ti ń mú omi gbóná. Bí ibẹ̀ bá lu, omi yóò máa bá páìpù ìdọ̀tí bọ́ílà lọ láìsí ẹni tó rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Bí ẹ bá ti wo gbogbo ilé tí ó gbẹ, tí ẹ wo páìpù ìta tó gbẹ, tí géèjì sì ń wálẹ̀ síbẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣẹ́ gáàsì, yóò mọ ibi tí yóò wò.

Ní ilé Alhaja, páìpù ìta ni. Ewé tútù ti hù sára bíríkì lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá wò ó yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹnìkan lè sọ pé, omi ṣáà ni, kí ló burú nínú kí a máa fi kún un? Ohun tó burú ni pé omi tuntun máa ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń jẹ irin. Wọ́n máa ń da oògùn adènà ìpẹtà sínú omi hítìn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Bí omi yẹn ṣe ń jáde ni oògùn ń bá a lọ, tí ẹ sì ń fi omi lásán rọ́pò rẹ̀. Radiétọ̀ yóò máa pẹtà láti inú, ẹrẹ̀ dúdú yóò sì jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí radiétọ̀ yín bá gbóná lókè tó tutù nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni, tó bá jẹ́ òkè ló tutù, atẹ́gùn ni. Ẹrẹ̀ yìí ló ń pa bọ́ílà tó yẹ kó lo ọdún púpọ̀ sí i. Omi dúdú tó bá ta sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń yọ atẹ́gùn, oògùn àti ìpẹtà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré.

A padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà, nítorí tirẹ̀ la ṣe lọ.

Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Nínú ara ẹni tó ní sickle cell, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé lè há sí ojú ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀, ìrora yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní egungun àti oríkèé. Oògùn tí ìyá rẹ̀ ń rà ń pa ìrora, kò pa òtútù. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, kó máa mu omi déédéé kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ ẹ́. Bí ó bá ní ibà, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, ẹ má ṣe wá sí ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Àwọn àgbà náà kò yọ sílẹ̀, nítorí òtútù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Ní ilẹ̀ yìí, wọ́n gbà wá níyànjú pé kí yàrá tí a ń lò má ṣe tutù ju 18°C lọ, pàápàá fún arúgbó àti aláìsàn, kí yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí sì wà láàárín 16 sí 20.

Ohun tó tún ń bà wá lẹ́rù ni ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nígbà tí hítìn bá kú. Àwọn kan ń tan ààrò gáàsì, wọn a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé lè gbóná. Àwọn kan ń gbé èédú tí wọ́n fi ń sun ẹran wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Gáàsì olóró kan wà tó ń jẹ́ carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá ra oògùn orí fífọ́ fún gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, a máa ń bi í bóyá orí náà ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oògùn. Ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ sì pe 0800 111 999, nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, 999 ni kí ẹ pè. Áláàmù carbon monoxide kò wọ́n. Ní England, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, onílé gbọ́dọ̀ fi í sí yàrá tí bọ́ílà gáàsì bá wà.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá náà kò gbẹ́yìn. Bí kò bá sí omi gbígbóná, kẹ́tù oníná la máa ń sáré sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù sínú báàfù tàbí bútà kí ẹ tó da gbígbóná lé e, kí ẹ sì má ṣe rán ọmọ pé kó gbé kẹ́tù gun àtẹ̀gùn. Omi tó ń hó ń bó awọ ọmọ kí igbe rẹ̀ tó jáde. Ẹni tí òtútù lè pa lára, tí kò sì rí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó lọ bi Alfa léèrè nípa ti táyámọ́mù. Ẹnu wa kò gba ìyẹn.

Bàbá ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí láti fi omi sínú bọ́ílà. A bi í ìdí tí kò fi pe onílé. Ó ní, "Wọ́n lè sọ pé àwa la bà á jẹ́. Wọ́n sì lè ní kí a kó jáde." A mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere. Ní England, òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985, ní abala 11, sọ ọ́ di dandan fún onílé láti máa tún hítìn àti ẹ̀rọ omi gbígbóná ilé tó fi háyà ṣe. Owó rẹ̀ kò sí lọ́rùn ayálégbé, àfi tó bá jẹ́ pé òun ló bà á jẹ́. Onílé tún gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n yẹ ohun tó ń lo gáàsì wò ní oṣù méjìlá-méjìlá, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Ẹ ya àwòrán géèjì, ẹ ya ti ògiri, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ kọ sínú ìwé sí i. Bí onílé kò bá dáhùn, ẹ lọ sí káńsù.

Ilé tó tutù kì í dá tutù, ọ̀rinrin máa ń bá a rìn, ohun dúdú tó ń hù lára ògiri yóò sì tẹ̀lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale. Láti Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ ní ọdún 2022, ohun tí wọ́n rí ni pé ohun dúdú ara ògiri ilé wọn tó fi ọjọ́ pípẹ́ fà símú ló ba ibi tó fi ń mí jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn fún ọdún díẹ̀ ṣáájú. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025 fún ilé káńsù àti ti housing association. Ewu pàjáwìrì gbọ́dọ̀ rí àbójútó láàárín wákàtí 24, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá wo ọ̀rinrin àti ohun dúdú tó lè pa ènìyàn lára láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹ má ṣe fi ìtìjú kun ògiri lọ́dà.

Ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣí ara bọ́ílà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, èyí tó gba ipò CORGI ní ọdún 2009. Ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn, kí ẹ sì yí i padà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí. Kí ó jẹ́ ará mọ́sálásí wa kò tó. Arákùnrin tó bá wa lọ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yọ káàdì tirẹ̀ kí a tó béèrè. Kí ẹ sì tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó bóyá owó wà lórí mítà gáàsì. A ti fi odindi wákàtí kan yẹ géèjì wò ní ilé kan rí, àṣé káàdì ló tán.

Onílé Alhaja rán oníṣẹ́ gáàsì wá ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà àti àwòrán ránṣẹ́. Rọ́bà inú agolo náà ti ya. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ fáàfù ààbò, wọ́n sì da oògùn adènà ìpẹtà tuntun sínú omi. Ọmọ náà ṣì ní àìsàn rẹ̀, kò sí bọ́ílà tó ń wo sickle cell sàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá rẹ̀ tún yà sọ́dọ̀ wa, oṣù kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìpara ẹsẹ̀ ni ó sì wá rà fún ara rẹ̀. Ó ní bàbá àwọn ọmọ kò jáwọ́ nínú kíkọ nọ́ńbà sínú ìwé, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé ó tó.

Kọ́kọ́rọ́ radiétọ̀ wà ní ọ́fíìsì mọ́sálásí fún ẹni tó bá fẹ́ yá a. Mẹ́ta ni a rà, ọ̀kan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí méjì tó kù wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú wọn bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.